Àfòmọ́ olódòdó tí mo bá lára ọ̀pẹ bàbá mi ń kú lọ nínú ìkòkò: ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ọlọ́gbà (Òkè-Ìtasẹ̀, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni a gé ọ̀pẹ àgbà kan lulẹ̀ ní oko bàbá mi ní ọ̀nà Ìfẹ́tẹ̀dó, nítorí pé ó ti tẹ̀ sí ibi tí a ń sá kòkó sí. Lára ọ̀pẹ náà, níbi tí ó ga tó ìwọ̀n ọkùnrin méjì sí ilẹ̀, ni mo ti rí ohun ọ̀gbìn kan tí ó lẹ̀ mọ́ àárín ìdí imọ̀ àtijọ́. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó apá mi, ó ní oríkèé bí ìrèké tẹ́ẹ́rẹ́, òkè ọ̀pá nìkan ni ewé wà, òdòdó tí mo kà lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo sì lé ní ogójì. Òdòdó náà ní àwọ̀ ìyeyè, ara rẹ̀ kún fún àmì tótòtó tí ó dà bí àwọ̀ obì gbígbẹ.

Bàbá mi ní àfòmọ́ ni, pé kí a kó o sí iná pẹ̀lú imọ̀ yòókù. Ọwọ́ mi kò gbà á láti sun ún. Mo gbé e wá sílé, mo wá ìkòkò amọ̀ ńlá kan, mo kó ilẹ̀ dúdú tí mo fi ìgbẹ́ adìyẹ pò sínú rẹ̀, mo sì rì í mọ́lẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín, mo sì ń fi náílọ́ọ̀nù bò ó lálẹ́ nítorí ọyẹ́. Nísinsìnyí, mẹ́ta nínú ọ̀pá mẹ́jọ ti rọ̀ ní ìdí, omi ń jáde bí mo bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, ó sì ń rùn. Ẹnì kan tí ń ta òdòdó ní ìgboro wò ó, ó ní irú ewéko olódòdó tí wọ́n ń pè ní ọ́kíìdì ni, pé àwọn òyìnbó ni ó kó o wá sí ilẹ̀ wa, àti pé kò lè yè láìsí ilé tí ẹ̀rọ ń mú tutù. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo ṣì ṣe?

Àgbẹ̀ Kòkó (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá wa, òótọ́ ni bàbá yín sọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí kòkó àti obì, mo sì ti rí igi obì mélòó kan tí àfòmọ́ gbẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ má gbé ohun tí ń pa igi wọ inú ọgbà yín nítorí pé òdòdó rẹ̀ dára. Ẹ sun ún.

Olùkọ́ Àgbà (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Ọlọ́gbà, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ yọ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀ yẹn lónìí, nítorí pé ilẹ̀ náà gan-an ni ó ń pa á. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti yá níná gé gbogbo ibi tí ó ti rọ̀, ẹ fi èédú tí ẹ lọ̀ kúnná pa ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì fi í síbi tí ibòji wà fún ọjọ́ mẹ́ta láìkán omi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lè dá a padà sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n èédú wóńwó àti èèpo àgbọn ni kí ẹ kó sínú rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀.

Àgbẹ̀ Kòkó kò purọ́ mọ́ àfòmọ́. Ohun tí ó fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun méjì tí ìwà wọn kò jọra. Àfòmọ́ tí ń pa obì ni èyí tí ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, tí hóró rẹ̀ ń lẹ̀ bí àtè mọ́ ẹ̀ka, tí yóò sì wọ inú igi lọ láti máa fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu. Bí a bá la ẹ̀ka náà, a ó rí ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti wọ ara wọn. Òun ni àwọn àgbà ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni í bá tan. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín ní gbòǹgbò tirẹ̀, ara èèpo igi lásán ni ó jókòó sí. Omi òjò, eruku àti ewé jíjẹrà ni ó ń jẹ. Ẹ wo ibi tí ẹ ti ká a lára ọ̀pẹ yẹn: bí kò bá sí ihò tí ó wọ inú igi, kì í ṣe ọ̀daràn.

Ọ́kíìdì ni lóòótọ́. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni *Ansellia africana*, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì ti wá. Kò sí òyìnbó tí ó kó o wá bá wa. Àwọn ni ó tilẹ̀ kó o lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Ní 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, *Albert*, *Wilberforce* àti *Soudan*, gòkè odò Ọya, Àjàyí Crowther tiwa sì wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Olùtọ́jú ọgbà kan tí ń jẹ́ John Ansell wà nínú ìrìn àjò náà láti máa kó ewéko jọ, òun ni ó sì rí èyí lára ọ̀pẹ ní etí odò. Ní 1844 ni John Lindley, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ewéko ní Lọ́ńdọ̀nù, fi orúkọ Ansell sọ ọ́. Ara ọ̀pẹ ni ó ti rí i, ìyá wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe rí i.

Ọmọ Ọ̀bọ̀kun (Iléṣà)

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ohun tí Olùkọ́ Àgbà sọ, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìkòkò rárá, ìbáà jẹ́ èédú ni ó kún inú rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀kan ti wà lọ́dọ̀ mi lára igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé. Inú ìkòkò ni mo kọ́kọ́ fi í sí fún ọdún kan gbáko, kò kú, kò sì dàgbà. Ọjọ́ tí mo dè é mọ́ igi ni ó bẹ̀rẹ̀ ayé.

Ẹ fara balẹ̀ wo gbòǹgbò rẹ̀, nítorí pé oríṣi méjì ni. Èyí tí ó nípọn máa ń rìn lórí èèpo igi, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ẹ kò lè ṣí i láìjẹ́ pé ó já. Èyí kejì kì í wá igi rárá: funfun ni, ó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó sì nàró sókè yí ìdí ọ̀pá ká bí ìtẹ́ ẹyẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba ewé gbígbẹ tí ó ń já bọ́ láti òkè, kí ewé náà lè jẹrà níbẹ̀ kí ó sì di oúnjẹ. Nígbà tí ẹ rì í mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ jẹrà. Èèrà máa ń fẹ́ràn láti gbé inú ìtẹ́ yẹn. Ẹ má fi oògùn kòkòrò lé wọn, wọn kò ṣe tèmi ní ibi kankan.

Ní ti omi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó nínú ọyẹ́. Tèmi kì í rí omi ju ìrì lọ láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kìíní, ìparí oṣù kejì ni ó sì máa ń yọ òdòdó. Ọdún tí mo fi ìkáàánú bomi rin ín ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ni ó yọ, kò yọ òdòdó kan. Ẹ sì gbé náílọ́ọ̀nù kúrò lórí rẹ̀.

Olódòdó Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹni tí ó bá Ìyá Ọlọ́gbà sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé èmi náà ń ta òdòdó. Ọ́kíìdì tí àwa ń tà, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì nípọn, tí òdòdó rẹ̀ funfun tàbí tí ó pọ́n bí àlùkò, *Phalaenopsis* ni wọ́n ń pè é, ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni ìdílé rẹ̀ ti wá, inú páálí ni ó sì máa ń wà dé ọ̀dọ̀ wa. Nípa ìyẹn, òótọ́ ni pé láti òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Ṣùgbọ́n kò nílò ilé tutù. Mo ti gbé e sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ó sì ń yọ ewé. Ohun tí ó ń pa á lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi ni àwo tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìkòkò rẹ̀, tí omi fi ń dúró síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Mo sì gbọ́ pé ọ̀nà tí ọ́kíìdì fi kọ́kọ́ di ohun tí àwọn òyìnbó ń gbìn ni pé wọ́n fi í di ẹrù láti ilẹ̀ Brazil, bí ẹni fi koríko gbígbẹ di àwo, tí ẹnì kan wá gbìn ín tí ó sì yọ òdòdó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Olùkọ́ Àgbà láti tún ibì kan ṣe: kì í ṣe etí odò Ọya ni Ansell ti rí i. Erékùṣù Fernando Po ni, èyí tí a ń pè ní Bioko lónìí. Ibà ti ń pa àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà lọ bẹẹrẹ, erékùṣù náà sì wà lára ibi tí wọ́n sá sí. Theodor Vogel, ará Jámánì tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń kó ewéko jọ nínú ìrìn àjò náà, ibẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù kejìlá 1841. Nínú irú ọjọ́ báyẹn ni Ansell rí ọ̀pẹ kan tí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ń wò ó láti ara rẹ̀.

Ìyá Olódòdó, ìtàn dídi ẹrù yẹn tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ́kíìdì kan tí ń jẹ́ *Cattleya* ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. William Swainson ni ó kó o jọ ní ìhà Pernambuco ní ilẹ̀ Brazil ní 1818, ó sì mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn ni òun ń fi ránṣẹ́. William Cattley ní England ni ó mú un yọ òdòdó, Lindley kan náà yìí ni ó sì fi orúkọ Cattley sọ ọ́ ní 1821.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ju èyí lọ ni pé àṣìṣe tí Ìyá Ọlọ́gbà ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn olówó England ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbọ́ pé igbó tí ó gbóná ni ọ́kíìdì ti ń wá, wọ́n wá kọ́ ilé onígíláàsì fún un, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, wọ́n dáná sí i, wọ́n ń da omi sórí páìpù gbígbóná kí oru lè kún inú ilé bámúbámú, òmíràn sì ń ri gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Lindley fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń gbani nímọ̀ràn ooru púpọ̀ àti ibòji púpọ̀, kí ó tó gbọ́ òdodo nípa ibi tí wọ́n ti ń hù kí ó sì yí èrò padà. Ọ́kíìdì tí ó kú nígbà náà pọ̀ débi pé wọ́n padà wá ń pe England ní ibojì ọ́kíìdì ilẹ̀ olóoru. Lára ẹ̀ka òkè igi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí wọn tọ̀sán-tòru, tí òjò ń rọ̀ sí wọn tí ó sì ń gbẹ kúrò lára wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ooru nìkan ni wọ́n rí, wọn kò rí afẹ́fẹ́.

Àwọn kan ti ń súnmọ́ òtítọ́ ṣáájú. Joseph Banks, onímọ̀ ewéko kan ní England, hun agbọ̀n láti ara ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé ọ́kíìdì sínú rẹ̀, ó sì so ó rọ̀. Láàrin 1830 sí 1840 ni Joseph Paxton, olùtọ́jú ọgbà ní ilé ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Chatsworth ní England, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilé sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, tí ó sì dín ooru kù, ọ́kíìdì rẹ̀ sì ń yè. Nígbà tí ìjọba wọn mú owó orí gíláàsì kúrò ní 1845, àwọn tí kì í ṣe ọlọ́lá pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mo wà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọ̀bọ̀kun lórí ọ̀rọ̀ igi, ṣùgbọ́n bí kò bá sí igi nílé, agbọ̀n tí a so rọ̀ tó.

Ìyá Ọlọ́gbà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti yọ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Ọ̀bọ̀kun ṣe sọ, gbogbo gbòǹgbò abẹ́rẹ́ yẹn ti di dúdú, wọ́n ń já lọ́wọ́ mi bí òwú tí ó ti gbó. Mo gé ọ̀pá mẹ́ta kúrò, ó ku márùn-ún, méjì nínú wọn le dáadáa. Mo padà lọ sí oko láti wo ọ̀pẹ náà: kò sí ihò kankan lára rẹ̀, ojú ibi tí gbòǹgbò lẹ̀ mọ́ nìkan ni mo rí, bí ìlà funfun lára èèpo. Mo fi han bàbá mi. Ó wò ó pẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Mo ní ìbéèrè kan sí i. Èso tútù kan wà lórí ẹ̀ka òdòdó àtijọ́ tí ó gbẹ tí ó sì là lánàá. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dà bí àtíkè. Nígbà tí mo mí sí i, ìdajì rẹ̀ fò lọ. Ṣé mo lè gbìn ín?

Àgbẹ̀ Kòkó

Bí kò bá sí ihò lára igi, mo gbà pé kì í ṣe èyí tí mo mọ̀, mo sì mú ọ̀rọ̀ iná kúrò. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè é mọ́ kòkó. Irú rẹ̀ kan wà lórí igi kòkó mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó tóbi tó agbọ̀n ńlá, nígbà tí òjò oṣù keje sì wọ inú rẹ̀, ẹ̀ka náà ya lulẹ̀ tòun ti èso. Kò fa oje igi, ṣùgbọ́n ẹrù ni. Máńgòrò tàbí ọ̀pẹ lè gbé e. Kòkó kò lè gbé e.

Olùkọ́ Àgbà

Mo gba àtúnṣe Akẹ́kọ̀ọ́ lórí Fernando Po, mo sì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹrù tí Àgbẹ̀ Kòkó sọ náà yẹ ní gbígbọ́.

Ní ti hóró, Ìyá Ọlọ́gbà, ẹ má da ara yín láàmú. Hóró ọ́kíìdì kéré débi pé kò ní oúnjẹ kankan nínú, kò dà bí hóró àgbàdo tí ó gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dání. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó gbìn ín ní Yúróòpù fi ń fọ́n ọn tí kò sì ń hù fún ìgbà pípẹ́. Ní 1899 ni ará ilẹ̀ Faransé kan, Noël Bernard, rí ohun tí ó fà á: ìbátan olú tí à ń jẹ, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ni ó gbọ́dọ̀ wọ inú hóró náà kí ó sì máa bọ́ ọ títí yóò fi yọ ewé. Ní 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ṣúgà lè dípò olú náà, bí a bá fọ́n hóró sórí oúnjẹ tí ó dì bí ẹ̀kọ tútù nínú ìgò tí kòkòrò àìfojúrí kò lè wọ̀. Nígbà tí ó sì di 1960, Georges Morel fi hàn pé a lè mú ṣóńṣó ọ̀mùnú kan ṣoṣo kí a sì sọ ọ́ di ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí wọn kò yàtọ̀ síra. Láti inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí Olódòdó Lágere ń tà ti ń wá. Nílé, kò ṣeé ṣe.

Ọmọ Ọ̀bọ̀kun

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Bàbá, ó ṣòro ni, kò yẹ kí a ní kò ṣeé ṣe. Kí Bernard tó rí olú, àwọn kan ti ń mú un hù. John Dominy, tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ìdílé Veitch tí ń ta ohun ọ̀gbìn ní Exeter ní England, da oríṣi méjì nínú ọ́kíìdì tí ń jẹ́ *Calanthe* pọ̀, àdàlù náà sì yọ òdòdó ní 1856, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ọgbọ́n tí àwọn ará ìgbà náà fi ń mú hóró hù ni pé wọ́n ń fọ́n ọn sí ìdí ìyá rẹ̀, láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni olú náà ń gbé. Èmi náà fọ́n tèmi sí èèpo máńgòrò lábẹ́ gbòǹgbò àtijọ́. Mo ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó rí ọmọ méjì tí wọn kò ju èékánná lọ, lẹ́yìn òjò méjì. Ọ̀kan kú. Èkejì gùn tó ìka mi nísinsìnyí.

Olódòdó Lágere

Ìyá Ọlọ́gbà, bí irú rẹ̀ bá ṣì wà ní oko yín, mo lè rán ọmọ wá gba mẹ́wàá. Àwọn oníbàárà mi ní Ìbàdàn yóò rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìdílé ọ́kíìdì ni ó wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn tí ó tètè wọlé. Òótọ́ ni pé ohun tí ó ń ré ààlà orílẹ̀-èdè kọjá ni àdéhùn náà ń bójú tó, Ìbàdàn kò sì sí lẹ́yìn ààlà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tó yọ òdòdó ti lo ọdún púpọ̀ lórí igi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń ká láti inú igbó sì ń kú kí wọ́n tó mọ́ra ní ilé tuntun. Èyí tí Ìyá Ọlọ́gbà mú yàtọ̀, nítorí pé igi rẹ̀ ti ṣubú, iná ni ì bá sì jó o.

Olódòdó Lágere

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gé igi gẹdú kì í dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n bá wọn sọ ọ́ pé èyí tí ó bá ti wà lórí igi tí wọ́n ti gé nìkan ni kí wọ́n kó wá fún mi, kí wọ́n má fi àdá ká a lórí igi tí ó dúró.

Ìyá Ọlọ́gbà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá rèé, mo ní kí n jẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo dè é mọ́ ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa, ní ìhà ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọ, mo fi èèpo àgbọn tẹ́ ẹ nídìí, mo sì fi ègé aṣọ àtijọ́ dè é dípò okùn kí ó má baà gé e. Ọ̀pá kan tún gbẹ, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Bàbá mi ni ó gé imọ̀ méjì wá, tí ó fi wọ́n ṣe ibòji fún un nígbà tí oòrùn oṣù kejì le, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí ṣóńṣó gbòǹgbò mẹ́rin, orí wọn tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ọ̀kan ti gun ara èèpo ọ̀pẹ, mo fi ìka kàn án, kò mì. Ọmọ Ọ̀bọ̀kun, ṣé kí n tú aṣọ náà báyìí?

Ọmọ Ọ̀bọ̀kun

Ẹ kú oríire o. Ẹ má tíì tú u. Ẹ jẹ́ kí òjò oṣù kẹfà àti ìkeje rọ̀ sí i tán. Bí ẹ bá di ọ̀pá rẹ̀ mú ní oṣù kẹsàn-án, tí ẹ mì í jẹ́ẹ́jẹ́, tí ìdí rẹ̀ kò sì yẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé aṣọ náà lẹ́yìn, kí ẹ má fà á.